Ẹni Tó Ń Béèrè Kó Tó Ta Oògùn: Ìtàn Apòògùn Láàárín Wa

 

Ọ̀rọ̀ ètò ìlera tí a máa ń ṣe nínú oṣù Kejìlá ti bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn gúrúùpù wa. Àwọn kan ti ní àwọn máa ra paracetamol ní páálí páálí. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa lókè òkun ní àwọn ń kó oògùn bọ̀ nínú báàgì. Ẹ ṣé o, ọwọ́ yín ò ní gbẹ. Àmọ́ kò tíì sí ẹni tó béèrè pé: ta ni yóò dúró nídìí tábìlì tí a máa kó àwọn oògùn yìí lé, tí yóò sì bi màmá àgbà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, oògùn wo lẹ ti lò láti àárọ̀?"

Ìbéèrè kékeré yẹn ni mo fẹ́ fi ìtàn ṣàlàyé lónìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

ÌBÉÈRÈ TI WÀ KÍ ÒYÌNBÓ TÓ DÉ

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa pé ká béèrè ká tó fún èèyàn lóògùn. Ẹ lọ sí ìsọ̀ lékulẹ́ja nínú ọjà wa, ẹ ní ẹ fẹ́ ra egbò igi. Ìyá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ bi yín pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ta ló fẹ́ lò ó? Ṣé kì í ṣe aboyún?" Oníṣègùn gidi náà, á béèrè iye ọjọ́ tí ara ti ń gbóná, á wo ojú, á béèrè ohun tí ẹ jẹ. Kì í ṣe pé àgbo kò léwu. Ó léwu, pàápàá nígbà tí kò bá sí ìwọ̀n. Ohun tí mò ń sọ ni pé láyé àwọn bàbá wa, ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú oògùn. Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

LÁTI BALÓGUN DÉ ABẸ́ÒKÚTA

Ní 1887 ni Richard Zaccheus Bailey ṣí ilé oògùn òyìnbó sí òpópónà Balógun nílùú Èkó. Ilé oògùn yìí ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Láyé ìgbà yẹn, púpọ̀ nínú oògùn kì í wá nínú páálí pẹlẹbẹ bíi ti òní. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló ń wọn èròjà, ló ń lọ̀ ọ́, ló ń pò ó, ló ń rọ ọ́ sínú ìgò. Ẹ wo orúkọ tí èdè wa fún un: apòògùn, ẹni tó ń po oògùn.

Nígbà tó yá, ọmọ tiwa náà dìde. Ọmọ Ìkòròdú ni Jacob Sogboyega Odulate, wọ́n bí i ní 1884, àmọ́ Abẹ́òkúta ló fi ṣe ibùjókòó. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oògùn Alábùkún ní 1918. Àwọn èèyàn ń pè é ní Blessed Jacob. Ọmọ rẹ̀ ni Olóyè Fọláké Ṣólańkẹ́, obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN ní Nàìjíríà. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí ìyẹ̀fun inú bébà pélébé yẹn ti wà nílé wa. Orí fífọ́? Alábùkún. Ara ríro? Alábùkún.

Ẹ jẹ́ ká béèrè: kí ló wà nínú rẹ̀? Aspirin àti caffeine ni. Aspirin dára fún orí fífọ́ àti ara ríro, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ ó lè mú kí ọgbẹ́ inú ṣẹ̀jẹ̀. Kò yẹ ká fún ọmọdé tí ibà ń ṣe. Kò yẹ kí aboyún kàn mú un lò láìjẹ́ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí asíma ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un. Mi ò bú Alábùkún o. Iṣẹ́ ọpọlọ ọmọ Yorùbá ni, ó sì yẹ ká fi yangàn. Ohun tí mò ń sọ ni pé oògùn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni oògùn tó lè ṣèpalára. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ẹni tó ń lò ó, iye tó lò, àti ohun mìíràn tó ti lò tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyẹn.

KẸ́MÍÌSÌ YÀTỌ̀ SÍ FÁMASÍ

Ní 1927 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn apòògùn Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí PSN lónìí. Ní 1963 ni Fásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ yìí títí dé dìgírì. Ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n ń lò ní fásitì, lẹ́yìn náà ni ọdún kan tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá.

Àmọ́ àwọn apòògùn kò pọ̀ rárá nígbà ìjọba amúnisìn, ìlú ńlá sì ni púpọ̀ wọn ń gbé. Kí ni ará oko yóò wá ṣe? Ìjọba fún àwọn oníṣòwò láṣẹ láti máa ta àwọn oògùn tó wọ́pọ̀. Àwọn ni a wá ń pè ní oníkẹ́míìsì. Wọn kì í ṣe ọ̀tá wa o. Àwọn ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn láago mẹ́wàá alẹ́. Àwọn ni wọ́n ń tà láwìn. Ọmọ àdúgbò ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n òfin ní ibi tó fi wọ́n mọ. Oògùn inú páálí tó wọ́pọ̀ ni wọ́n lè tà, bíi paracetamol, oògùn ibà, oògùn ikọ́ àti ti aràn. Kò yẹ kí wọ́n ta antibáyọ́tíìkì. Kò yẹ kí wọ́n gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Kò yẹ kí wọ́n tú oríṣiríṣi hóró sínú bébà kan náà kí wọ́n ní, "Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan." Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ojoojúmọ́ là ń rí gbogbo èyí.

Ọ̀nà àtúnṣe kan wà tó tọ́ ká rántí. Àwọn olùwádìí láti Fásitì Ìbàdàn lọ bá àwọn oníkẹ́míìsì ní Ìgbòọrà, wọ́n sì fún wọn ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀. Àbájáde iṣẹ́ náà jáde ní 1992: ìmọ̀ àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà pọ̀ sí i dáadáa. Ìgbòọrà ò jìnnà sí wa, àbí? Ohun tó ṣeé ṣe níbẹ̀ ṣeé ṣe níbí.

1990: ỌDÚN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ GBÀGBÉ

Ní 1990, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Ìbàdàn àti ní Jos. Ara wọn gbóná, wọ́n fún wọn ní paracetamol olómi, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ìyá ṣe máa ń ṣe. Èròjà kan wà tí wọ́n fi ń yọ́ oògùn náà, propylene glycol lorúkọ rẹ̀. Òun ló yẹ kó wà nínú ìgò. Ohun tó wà níbẹ̀ ni diethylene glycol. Tẹ́ ẹ bá rọ méjèèjì síwájú èèyàn, ojú kò lè dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n májèlé ni èkejì, kíndìnrín ló ń kọlù. Àwọn ọmọ náà kò lè tọ̀ mọ́. Ọmọ 109 la kà pé ó bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ohun tó dunni jù ni pé ayé ti mọ májèlé yìí tẹ́lẹ̀. Ní 1937, wọ́n fi diethylene glycol kan náà yọ́ oògùn kan ní Amẹ́ríkà, ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n ṣe òfin ní 1938 pé kí ẹnikẹ́ni tó ta oògùn tuntun, kó kọ́kọ́ fi hàn pé kò léwu. Ọdún 53 ló wà láàárín ti Amẹ́ríkà àti tiwa. Ẹni tó gba kẹ́míkà náà wọlé kò béèrè. Ẹni tó lò ó kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá ọmọ kò ní bó ṣe lè mọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nìkan ni ìbéèrè ti pọn dandan. Láti ilé iṣẹ́ dé ọwọ́ aláìsàn ni.

Ní 1990 yẹn gan-an ni Charles Hepler àti Linda Strand, àwọn olùkọ́ ìmọ̀ oògùn ní Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó yí iṣẹ́ náà padà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé iṣẹ́ apòògùn kò parí sí kíka hóró oògùn sínú ìgò. Ó gbọ́dọ̀ bá aláìsàn dúró títí oògùn náà yóò fi ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ lò ó. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń po oògùn báyìí. Ohun tó kù lọ́wọ́ apòògùn ni ìbéèrè àti ìmọ̀ràn, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú àwọn ọmọ wa ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Òfin kan ní 1992 dá ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn sílẹ̀, PCN. Ní 1993 ni òfin NAFDAC jáde. Ní 2001, apòògùn kan, Dora Akunyili, di ọ̀gá NAFDAC. Obìnrin yìí ti rí ikú oògùn ayédèrú nínú ilé tiẹ̀: insulin ayédèrú ló pa àbúrò rẹ̀ ní 1988. Ó dojú kọ àwọn oníṣòwò oògùn ayédèrú débi pé wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2003, tí ọta ìbọn sì gba inú gèlè rẹ̀ kọjá. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ṣé ó tán síbẹ̀? Rárá o. Ní ìparí 2008, oògùn eyín híhù kan tó ń jẹ́ My Pikin jáde, diethylene glycol kan náà ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2009, ọmọ 84 ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ gbọ́ èyí: eyín híhù kì í ṣe àìsàn. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná gan-an nígbà tó ń hu eyín lè ní ibà tàbí àrùn mìíràn. Apòògùn tó bá béèrè á sọ fún yín pé kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, dípò kó ta ìgò oògùn fún yín.

OÒGÙN TÍ A FI ARA WA LÒ

Ẹ rántí chloroquine. Àwọn òbí wa lò ó, ara wọn ń yún wọn, wọ́n sì ń fara dà á. Nígbà tó yá, kòkòrò ibà kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ní 2005, ìjọba pa á láṣẹ pé oògùn alápapọ̀ tí wọ́n ń pè ní ACT ni kí á máa fi wo ibà. Àmọ́ ìròyìn yẹn kò tètè dé gbogbo ilé, torí ẹni tó yẹ kó sọ fún wa kò sí nídìí kàǹtà. Nígbà tó di oṣù kẹta 2020, tí olórí Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ chloroquine lórí kòrónà, àwọn èèyàn sáré rà á l'Ékòó, àwọn kan sì dé ọsibítù nítorí pé wọ́n lò ó jù.

Ẹ rántí codeine náà. Oògùn ikọ́ ni, àwọn ọ̀dọ́ sì sọ ọ́ di ọtí. Ní oṣù karùn-ún 2018 ni ìjọba fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ tó ní codeine wọlé. Èmi tí mò ń kọ èyí, ọ̀dọ́ ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ wa kò rà á nínú igbó, orí kàǹtà ni wọ́n ti rà á, lọ́wọ́ ẹni tí kò béèrè pé, "Ikọ́ ta ni?"

Ti antibáyọ́tíìkì ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá 1945, nígbà tí Alexander Fleming gba ẹ̀bùn Nobel torí penicillin, ó kìlọ̀ níbẹ̀ pé ẹni tó bá lò ó ní ìwọ̀n tí kò tó yóò sọ kòkòrò di alágídí tí oògùn kò ní ràn mọ́. Ìyẹn ni ohun tí à ń ṣe tí a bá ra kápúsù méjì péré torí inú ń run wá, tí ara bá sì fúyẹ́, a dáwọ́ dúró.

Àwọn ìbéèrè tí apòògùn ń béèrè kò le. Ta ló fẹ́ lò ó, ọmọ ọdún mélòó? Kí ló ń ṣe é, láti ọjọ́ mélòó? Oògùn mìíràn wo ló ń lò, títí kan àgbo? Ṣé ó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru, asíma? Ṣé ó lóyún? Ẹ wo ohun tí ìdáhùn lè fi hàn:

Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju hóró paracetamol 500mg mẹ́jọ lọ láàárín ọjọ́ kan. Àmọ́ paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn àti kátá. Ẹni tó bá lo méjèèjì pọ̀ lè kọjá ìwọ̀n láìmọ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì máa jẹ̀bi.

Ibuprofen àti diclofenac tí àwọn màmá wa ń lò fún orúnkún lè gbé ẹ̀jẹ̀ wọn sókè, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè mú ọgbẹ́ inú ṣẹ̀jẹ̀.

Tetracycline kò tọ́ sí aboyún àti ọmọ kékeré. Ó máa ń pa àwọ̀ eyín ọmọ dà.

Mélòó nínú wa ló mọ gbogbo èyí? Kò sì yẹ kó jẹ́ àwa la máa mọ̀ ọ́n. Ìdí tí apòògùn fi wà nìyẹn.

Ẹ̀YIN ARÁ WA LÓKÈ ÒKUN

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mọ̀ pé ẹ kò lè wọ súpámákẹ́ẹ̀tì lọ kó paracetamol bí ẹni ń kó gaàrí. Láti 1998 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí páálí kan má ju hóró 16 lọ ní ṣọ́ọ̀bù lásán, 32 ní fámasí. Ẹ kò sì lè ra antibáyọ́tíìkì bí ẹni ra bisikíìtì. Láti oṣù kìíní 2024, ní Ìlú Ọba, àwọn apòògùn ti ní àṣẹ láti wo àìsàn kéékèèké méje, kí wọ́n sì fún èèyàn lóògùn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rí dókítà. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wò ó: oògùn tí wọn ò lè tà fún yín níbẹ̀ láìbéèrè, ṣé ó yẹ ká máa pín in nílé láìbéèrè? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnìkan kò lò tán ní Amẹ́ríkà, ṣé ara bàbá tó wà nílé lè gbà á? Ìfẹ́ ló ń gbé e wá, mo mọ̀. Àmọ́ ìfẹ́ náà nílò ẹni tó ń béèrè.

OHUN TÍ ẸKA Ọ̀DỌ́ Ń BÉÈRÈ

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ọmọ yìí, apòògùn wọ́n, fámasí jìnnà, kẹ́míìsì ló wà nítòsí." Òótọ́ ni. Ìdí tí a fi gbé àbá yìí wá nìyẹn. Kì í ṣe owó tuntun la fẹ́. A fẹ́ kí á tún owó tó wà nílẹ̀ tò.

Èkíní: kí á tó ra hóró oògùn kan fún ètò oṣù Kejìlá, kí á kọ́kọ́ yọ owó apòògùn tó ní ìwé àṣẹ sọ́tọ̀. Ọmọ ìlú tó jẹ́ apòògùn tó bá fẹ́ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, Ọlọ́run á san án fún un. Kò sí apòògùn, kò sí oògùn pínpín.

Èkejì: kí gbogbo àgbàlagbà tó ń bọ̀ kó gbogbo oògùn tó wà nílé wọn sínú ọ̀rá kan, kí wọ́n gbé e dání. Títí kan àgbo. Apòògùn á yẹ̀ ẹ́ wò, á sọ èyí tó ti pẹ́ jù àti èyí tí kò bá èkejì mu.

Ẹ̀kẹta: kí á pe àwọn oníkẹ́míìsì ìlú wa wá, kí á fi wọ́n sí àyè iyì, kí apòògùn kọ́ wọn fún ọjọ́ kan bí wọ́n ṣe ṣe ní Ìgbòọrà. A ò fẹ́ lé ẹnikẹ́ni nídìí òwò rẹ̀. A fẹ́ kí wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sọ pé, "Èyí ju agbára mi lọ, ẹ lọ sí ọsibítù."

Ẹ̀kẹrin: ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó ránṣẹ́ dípò oògùn.

A máa gbé àbá yìí síwájú ìgbìmọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá fara mọ́ ọn, ẹ sọ ọ́ lórí gúrúùpù yín. Tẹ́ ẹ bá ní àtakò, ẹ sọ ọ́ náà, àwa ọmọ yín á gbọ́. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ bá mi ṣe ohun kan ṣoṣo: ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn fún yín tí kò béèrè ohunkóhun, ẹ bi í léèrè. Tí kò bá lè dáhùn, ẹ rọra fi oògùn náà sílẹ̀ lórí kàǹtà.

Àìsàn là á wò. A kì í wo ikú.

Èmi ni tiyín,
Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́